Ta Ló Yan Windows fún Yín?

Ní ìparí ọdún 2025, màmá kan tí wọ́n ní iléẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ládùúgbò wa gbé láptọ́ọ̀pù wọn wá bá mi. Wọ́n fi ìborùn wé e bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá lọ sí ọsibítù. "Ọmọ mi, ó ń kọ ọ́ sí mi lójú pé ó ti tán fún òun láti oṣù kẹwàá. Ṣé ó ti kú nìyẹn?" Mo tan ẹ̀rọ náà, ó tàn. Word ṣí. Èsì ìdánwò àwọn ọmọ Primary 4 ṣí. Mo ní, "Mà, kò sóhun tó ṣe láptọ́ọ̀pù yín. Windows 10 tó wà nínú rẹ̀ ni àwọn tó ṣe é kò tọ́jú mọ́." Màmá wò mí títí, wọ́n wá ní, "Ṣé Windows yàtọ̀ sí kọ̀ǹpútà ni?"

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Mo ti pàdé àwọn tó kàwé gboyè, tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà jẹun fún ogún ọdún, tí ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé ìyàtọ̀ yẹn fún rí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ kọ̀ǹpútà, Windows ni wọ́n ń bá nínú rẹ̀, bí ẹni bá iyọ̀ nínú ọbẹ̀. Ó ká mi lára, torí owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ààbò iṣẹ́ ẹni wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ó kan bóyá a lè kọ orúkọ ara wa bó ṣe yẹ lórí ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí gáráàjì Ìwó Road ní Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọkọ̀ Èkó wà níbẹ̀, ọkọ̀ Ifẹ̀ wà níbẹ̀, ọkọ̀ Ìlọrin náà wà níbẹ̀, èrò sì ń rọ́ wọlé. Bí kò bá sí ẹni tó mú ìwé lọ́wọ́, tó ń sọ pé ọkọ̀ báyìí ló kàn, ìwọ sún sẹ́yìn, ìwọ má tíì kó èrò, ìjà ni yóò bẹ́. Nínú kọ̀ǹpútà, àwọn ohun tí ẹ lè fọwọ́ kàn ni ilẹ̀ gáráàjì àti ojú ọ̀nà: kíbọ́ọ̀dù, ojú ẹ̀rọ, hard disk tó ń tọ́jú fáìlì, RAM tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí, àti ọpọlọ kékeré tó ń ṣe ìṣirò. Àwọn áàpù bíi Word, Chrome àti WhatsApp ni ọkọ̀. Ẹni tó mú ìwé lọ́wọ́ ni ohun tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní operating system. Ètò adarí ni màá máa pè é.

Nígbà tí ẹ bá ń tẹ lẹ́tà, tí orin ń dún lábẹ́ rẹ̀, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì ń fa bébà, ó dà bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Lóòótọ́, ètò adarí ló ń pín àkókò fún wọn, tí yóò fún Word ní ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, tí yóò yí sí orin, tí yóò tún padà, kíákíá débi pé ojú wa ò lè rí àlàfo tó wà láàárín. Òun ló ń sọ fún áàpù kọ̀ọ̀kan pé ibí ni àyè tìrẹ mọ nínú RAM, má kọjá síbẹ̀. Òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀, tó mọ ibi tí fáìlì yín wà, tó sì ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Word ò mọ ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí. Ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ ètò adarí.

Ètò adarí kọ̀ọ̀kan sì ní èdè tirẹ̀ tí áàpù gbọ́dọ̀ fi bẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí áàpù tí wọ́n kọ fún Windows kì í fi í ṣí lórí Mac, kọ̀ǹpútà tí iléeṣẹ́ Apple ń ṣe, tí ti iPhone kì í sì í ṣí lórí Tecno. Èyí ni ẹ máa dì mú jù nínú gbogbo àlàyé yìí, torí òun ló ń so ènìyàn mọ́lẹ̀: iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe ló ń yan áàpù, áàpù ló ń yan ètò adarí, ètò adarí ló sì ń yan irú ẹ̀rọ tí ẹ máa rà.

Kí n tó dé orí kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu kan fóònù, torí fóònù ni kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ wa ní. Google ra iléeṣẹ́ Android, tó ń ṣe ètò adarí fóònù, ní 2005, fóònù Android àkọ́kọ́ sì dé ọjà ní 2008, ọdún kan lẹ́yìn iPhone. Ní oṣù kẹta 2017, iléeṣẹ́ StatCounter tó ń ka irú ẹ̀rọ tí àwọn ènìyàn fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì rí i pé Android ti fi díẹ̀ síwájú Windows ní gbogbo àgbáyé, 37.93 nínú ọgọ́rùn-ún sí 37.91. Tecno, Infinix àti itel tó kún ọwọ́ wa, iléeṣẹ́ kan náà, Transsion, ló ń ṣe wọ́n, Android ló sì wà nínú àwọn fóònù ayélujára wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n wọ aṣọ mìíràn fún un tí wọ́n ń pè ní HiOS tàbí XOS. Tí ẹ bá wá tú Android wò dé ìpìlẹ̀, Linux lẹ máa bá níbẹ̀, ètò adarí ọ̀fẹ́ kan tí màá padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú. Ẹni tó bá sọ fún yín pé Linux le jù fún ọmọ aráyé, ó ṣeé ṣe kí Linux wà nínú àpò rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Báwo wá ni Windows ṣe di ọ̀gá orí tábìlì? Iléeṣẹ́ IBM fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà kékeré jáde ní 1981, wọ́n sì nílò ètò adarí fún un. Wọ́n lọ bá Microsoft, tí Bill Gates àti Paul Allen dá sílẹ̀ ní 1975. Microsoft ò ní irú ètò bẹ́ẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ra ọ̀kan tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tim Paterson kọ ní iléeṣẹ́ Seattle Computer Products, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fún IBM. Ọgbọ́n tó mú wọn di ọlọ́rọ̀ wà nínú àdéhùn náà: wọ́n di ẹ̀tọ́ mú láti ta ètò yìí fún iléeṣẹ́ mìíràn, wọ́n sì pè é ní MS-DOS. Nígbà tí àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ tó jọ ti IBM, gbogbo wọn ló ní láti wá ra DOS lọ́wọ́ Microsoft. Windows àkọ́kọ́ dé ní oṣù kọkànlá 1985, ó sì jókòó lé DOS lórí. Windows 95, tó jáde ní 24 oṣù kẹjọ 1995, ló gbé bọ́tìnnì Start wá, ìgbà yẹn náà ló sì wọlé tọ ará ilé àti ọlọ́jà lọ ní tòótọ́.

Nítorí náà, nígbà tí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọ Computer Village ní Ìkẹjà, Windows ló wà nínú wọn. Èyí tí àwọn tó ń tún un ṣe mọ̀ nìyẹn, òun ni wọ́n fi kọ́ ọmọṣẹ́, ọmọṣẹ́ wọn ló ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Òṣogbo. Tí ẹ̀rọ yín bá bàjẹ́ lónìí, ẹni tó mọ Windows kò jìnnà sí yín. Ní tèmi o, ìdí yìí lágbára ju gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa ẹwà tàbí yíyára ètò adarí kan lọ. Ohun tí ẹni tó wà nítòsí lè tún ṣe lèèyàn ń rà.

Iṣẹ́ ọwọ́ tún di í mọ́lẹ̀. Ẹ wọ Ṣómólú ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ń tẹ káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà àti ìwé ètò ìsìnkú, CorelDRAW lẹ máa bá lójú ẹ̀rọ wọn. Láti 1989 ló ti wà fún Windows, fáìlì iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ló sì wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣe ìlù Afrobeats náà, FL Studio ni ọ̀pọ̀ wọn fi bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá wọn. Ní 1997 ló jáde fún Windows, ó sì di 2018 kí wọ́n tó kọ ti Mac jáde. Ọmọ tó bá ti mọ ọwọ́ rẹ̀ sórí FL Studio ní 2010, kò sí ètò adarí méjì tó fẹ́ rò. Ó ti rí tirẹ̀ ná.

Ibi tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ Windows ni bí a ṣe ń fi í sórí ẹ̀rọ. Ènìyàn á gbé láptọ́ọ̀pù lọ fún àtúnṣe, wọ́n á ní kó mú owó díẹ̀ wá kí àwọn "fi Windows sí i". Windows tí wọ́n fi sí i, wọn ò rà á. Wọ́n á wá fi áàpù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní activator tan án jẹ kó lè rò pé wọ́n ti rà òun. Kí activator yẹn tó lè ṣiṣẹ́, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n pa ètò tó ń lé fáírọ́ọ̀sì. Ẹ rò ó wò: àlejò kan dé ẹnu ọ̀nà yín lóru, ó ní kí ẹ kọ́kọ́ so ajá mọ́lẹ̀ kí òun tó wọlé. Ẹ ò mọ ohun tó gbé lápò, bẹ́ẹ̀ sì ni orí ẹ̀rọ yẹn lẹ ti ń ṣí báǹkì yín.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò pọn dandan rárá. Láti ìgbà Windows 8, ní 2012, àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe láptọ́ọ̀pù pẹ̀lú Windows ti máa ń fi nọ́ńbà àṣẹ rẹ̀ pamọ́ sínú bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ náà gan-an. Bí wọ́n bá nu hard disk rẹ̀, nọ́ńbà yẹn ò lọ. Tí ẹ bá gba Windows látọ̀dọ̀ Microsoft fúnra wọn, irú èyí tó wà nínú ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀, Home fún Home, Pro fún Pro, tí ẹ fi sí i tí ẹ sì so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, yóò rí nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ ra láptọ́ọ̀pù náà nílùú òyìnbó ti san owó Windows fún yín. Ẹ bi ẹni tó ń bá yín tún un ṣe bóyá ó ti yẹ ìyẹn wò kó tó mú activator jáde.

Ní báyìí, kí ni ìtumọ̀ pé Microsoft "fòpin sí" Windows 10 ní 14 oṣù kẹwàá 2025? Ẹ̀rọ ò ní kú, fáìlì ò ní sọnù. Àmọ́ gbogbo ètò adarí ló ní ihò tí àwọn tó ṣe é kò tíì rí. Lóṣooṣù ni wọ́n ń rí òmíràn, tí wọ́n ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ láti dí i. Nígbà tí ìtọ́jú bá parí, àwọn olè á máa rí ihò tuntun, kò ní sí ẹni tó ń dí i mọ́. Ní oṣù karùn-ún 2017, fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry ti fáìlì àwọn ènìyàn pa ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 150, ó sì ń béèrè 300 dọ́là kó tó ṣí i. Ọsibítù ìjọba ilẹ̀ Bìrìtìkó wà lára àwọn tó mú. Wọ́n fagi lé iṣẹ́ abẹ, wọ́n dá aláìsàn padà sílé. Ihò tó gbà wọlé, Microsoft ti fi ohun tí wọ́n máa fi dí i ránṣẹ́ ní oṣù kẹta ọdún yẹn. Àwọn tí kò gbà á sórí ẹ̀rọ wọn ló fara gbá a.

Mo mọ ìdí tí àwa níbí fi ń pa àtúnṣe yẹn: dátà. Ẹ ra dátà fún ọ̀sẹ̀ kan, ilẹ̀ mọ́, Windows ti jẹ ẹ́ tán. Ó yẹ kí inú bí èèyàn. Ṣùgbọ́n dípò kí ẹ pa á pátápátá, ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí Network, ẹ tẹ orúkọ Wi-Fi tí ẹ ń lò, kí ẹ sì tan ohun tó ń jẹ́ "metered connection". Ìyẹn ni pé ẹ sọ fún un pé ẹ ń ra dátà yìí ni. Yóò dá èyí tó pọ̀ jù dúró, ẹ ó sì lè gba ìyókù ní ọjọ́ tí ẹ bá rí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò gbówó lórí.

Windows 11, tó jáde ní oṣù kẹwàá 2021, ló yẹ kó rọ́pò 10. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kì í gba gbogbo ẹ̀rọ wọlé. Ó fẹ́ 4GB RAM ó kéré tán, 64GB àyè, irinṣẹ́ ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, àti ọpọlọ tí kò gbó jù. Ní ti ọpọlọ tí iléeṣẹ́ Intel ń ṣe, ó sábà máa ń jẹ́ ìran kẹjọ sókè. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó pọ̀ lọ́wọ́ wa, ìran kẹrin, ìkarùn-ún tàbí ìkẹfà ni, bẹ́ẹ̀ ara wọn ṣì le koko. Tí ẹ bá fẹ́ mọ bóyá TPM wà nínú tiyín, ẹ di bọ́tìnnì Windows mú pẹ̀lú R, kí ẹ tẹ tpm.msc sínú àpótí tó bá yọ, yóò sọ fún yín. Microsoft fún àwọn tó ń lo Windows 10 nílé láǹfààní ọdún kan sí i, títí di 13 oṣù kẹwàá 2026, yálà kí wọ́n san 30 dọ́là tàbí kí wọ́n fi àkáǹtì Microsoft wọlé kí wọ́n sì jẹ́ kó fi ètò ẹ̀rọ wọn pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyẹn ra àkókò fún èèyàn. Lẹ́yìn rẹ̀, ìbéèrè kan náà ló ń dúró.

Mac ńkọ́? Apple ló ń ṣe ẹ̀rọ, Apple ló ń ṣe macOS tó wà nínú rẹ̀, wọn kì í sì í tà á fún ẹlòmíràn láti fi sórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Nítorí pé ọwọ́ kan ló ṣe méjèèjì, wọ́n bára mu dáadáa. Láti oṣù kọkànlá 2020 tí wọ́n ti gbé ọpọlọ tiwọn, M1, jáde, ọ̀rọ̀ bátìrì ni mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó rà á. Apple ní MacBook Air M1 lè wo fíìmù fún wákàtí 18. Kódà bí ẹ bá yọ ìdá mẹ́ta kúrò nínú ìyẹn, ní ìlú tí iná mọ̀nàmọ́ná ti ń lọ bó ṣe wù ú, èèyàn lè ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́ láìtan jẹnẹrétọ̀. Àwọn tó ń ṣe fídíò àti àwọn tó ń kọ áàpù fún iPhone fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ áàpù iPhone gan-an ò rí ọ̀nà mìíràn tó rọrùn, torí ohun èlò tí Apple ṣe fún iṣẹ́ náà, orí Mac nìkan ló wà.

Tí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ rẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún nǹkan mẹ́ta. Mac tó ní irinṣẹ́ ààbò T2 tàbí ọpọlọ irú M ní àgádágodo kan tó so mọ́ àkáǹtì Apple ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀. Bí ẹni náà kò bá tíì yọ orúkọ rẹ̀, tí ẹ sì nu ẹ̀rọ náà kí ẹ tún un tò, ọ̀rọ̀ aṣínà ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí ni yóò máa béèrè, ẹ ò ní kọjá ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ lójú yín, kó dé ojú tábìlì rẹ̀, kí ẹ tó sanwó. Èkejì: Apple ti sọ pé macOS 26 tó jáde ní 2025 ni yóò gbẹ̀yìn fún àwọn Mac tó ń lo Intel. Ẹ̀kẹta: RAM àwọn MacBook ti lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù láti ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, ẹ ò lè fi kún un. Iye tí ẹ bá rà ni ẹ ó máa lò títí.

Ó ku Linux, èyí tí mo fẹ́ràn jù, mi ò sì ní fi pamọ́. Ní 25 oṣù kẹjọ 1991, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 kan ní Yunifásítì Helsinki, Linus Torvalds, kéde fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ń ṣe ètò adarí kan fún ìgbádùn ara òun, pé kò ní tóbi. Ó gbé e sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó mọ iṣẹ́ káàkiri ayé bẹ̀rẹ̀ sí í fi tiwọn kún un bí ìgbà tí ará àdúgbò bá jọ ń ro oko lọ́wẹ̀. Ọkàn ètò náà ni Linus kọ. Irinṣẹ́ tó yí i ká, púpọ̀ wọn wá láti ọ̀dọ̀ GNU, iṣẹ́ tí Richard Stallman kéde ní 1983 kí ẹnikẹ́ni lè lo sọ́fítíwià, kó wo inú rẹ̀, kó tún un ṣe, kó sì fún ẹlòmíràn. Láti oṣù kọkànlá 2017, gbogbo kọ̀ǹpútà 500 tó lágbára jù láyé ló ń lo Linux.

Nítorí pé ẹnikẹ́ni lè mú un kó sì ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, oríṣiríṣi Linux ló wà, ìyẹn ló sì máa ń dẹ́rù bani. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Ọkàn kan náà ló wà nínú wọn, aṣọ ló yàtọ̀. Ubuntu, tí Mark Shuttleworth ọmọ South Africa bẹ̀rẹ̀ ní 2004, gba orúkọ rẹ̀ láti inú èdè gúúsù Áfíríkà, ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ kò sì jìnnà sí ohun tí àwa ń pè ní ọmọlúàbí. Láti 2005 títí di 2011 ni wọ́n fi ń fi CD rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, wọn ò gba kọ́bọ̀ owó ìfìwéránṣẹ́. Linux Mint jáde láti ara Ubuntu, ó sì jọ Windows lójú: bọ́tìnnì wà nísàlẹ̀ lápá òsì, fáìlì wà níbi tí ọwọ́ yín ti mọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí 2GB RAM, 4GB ló dáa. Òun ni mo máa ń fún ẹni tó ń bọ̀ láti Windows.

Ohun tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni pé ẹ lè tọ́ ọ wò kí ẹ tó gbé e mì. Ẹ gbé e sórí fíláàṣì, ẹ fi fíláàṣì sí láptọ́ọ̀pù, ẹ tan án látibẹ̀. Linux yóò ṣí láti orí fíláàṣì náà, Windows yín ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹ wò ó bóyá Wi-Fi ń gbé, bóyá ohùn ń jáde, bóyá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dá a lóhùn. Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ yọ ọ́. Fáírọ́ọ̀sì inú fíláàṣì tí a máa ń kó ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, èyí tó ń sọ gbogbo fáìlì di shortcut, Windows ni wọ́n kọ ọ́ fún, kò rí nǹkan ṣe lórí Linux. Mo ti fi Linux gba fáìlì ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ padà lórí irú fíláàṣì bẹ́ẹ̀, kódà project ẹni tó ku ọjọ́ méjì kó fi sílẹ̀.

Àmọ́ mi ò ní parọ́ fún yín. Microsoft Office tí ẹ mọ̀ kì í wọ Linux, LibreOffice ló wà níbẹ̀. Ó ń ṣí ìwé Word, ó sì ń pa á mọ́ bíi ti Word, ṣùgbọ́n tí ìwé náà bá ní tábìlì àti àwòrán tó díjú, ó lè yẹ̀ díẹ̀ lójú ìwé. CorelDRAW kò sí níbẹ̀, Photoshop kò sí níbẹ̀. Atẹ̀wé Ṣómólú tó bá kó lọ sórí Linux lọ́la, iṣẹ́ rẹ̀ dúró nìyẹn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mìíràn náà sì wà tí yóò yọ yín lẹ́nu kó tó gbọ́. Tí ẹ̀rọ bá dà á rú, ẹni tó mọ̀ ọ́n lè má sí ládùúgbò yín, ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa ẹni tó wà nítòsí.

Kíkọ Yorùbá wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló gbà pé kọ̀ǹpútà ò lè gbé àmì ohùn wa. Láyé àtijọ́, òótọ́ ni. Olúkúlùkù ní lẹ́tà àkànṣe tirẹ̀ tó fi sórí ẹ̀rọ, bí ìwé bá sì kúrò lórí ẹ̀rọ náà dé orí òmíràn, gbogbo "ẹ" àti "ṣ" á di ìṣekúṣe. Unicode, ìlànà tí gbogbo ètò adarí ń lò nísinsìnyí láti fún lẹ́tà gbogbo èdè ayé ní nọ́ńbà, ló yanjú ìyẹn. Síbẹ̀ ibì kan kù díẹ̀ káàtó: "é" ní nọ́ńbà tirẹ̀, "ẹ" ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n "ẹ́" kò ní. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n ń tò pọ̀ láti fi kọ ọ́, "ẹ" àti àmì òkè. Ìdí nìyẹn tí àmì fi máa ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú irú lẹ́tà (font) kan tó sì ń jókòó dáadáa nínú òmíràn. Ẹ yí irú lẹ́tà padà kí ẹ tó dá ara yín lẹ́bi.

Windows ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, ẹ fi Yorùbá kún èdè inú Settings. Linux náà ní i, ẹ wá a lábẹ́ Nigeria, ẹ ó bá Yorùbá, Haúsá àti Ígbò níbẹ̀. Lórí Mac, èyí tó ń jẹ́ ABC Extended máa ń fi àmì sókè àti sísàlẹ̀. Lórí fóònù Android, kíbọ́ọ̀dù Google tó ń jẹ́ Gboard ní i. Ó ti wà nínú gbogbo wọn, a ò kàn ṣí i ni.

Láti padà sọ́dọ̀ màmá wa: ọpọlọ ìran kẹfà ló wà nínú láptọ́ọ̀pù wọn, Windows 11 ò gbà á. Mo bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Ìbéèrè ìdánwò, èsì àwọn ọmọ, lẹ́tà sí òbí, YouTube lálẹ́. Mo ní kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà akọ̀wé iléẹ̀kọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, torí ètò tí wọ́n fi ń gba owó iléẹ̀kọ́, Windows nìkan ló mọ̀, ẹ̀rọ yẹn sì lè gba 11. Tiwọn yìí, mo kọ́kọ́ kó gbogbo fáìlì wọn sórí hard disk mìíràn, mo ṣí Linux Mint fún wọn láti orí fíláàṣì, wọ́n jókòó tì í fún wákàtí kan. Èsì Primary 4 ṣí. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ní kí n fi sí i.

Kí wọ́n tó lọ, mo ṣí kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, mo fi bọ́tìnnì ẹ, ọ, ṣ àti ti àmì ohùn hàn wọ́n. Wọ́n sọ fún mi pé látọjọ́ tí àwọn ti dá iléẹ̀kọ́ sílẹ̀, bírò ni olùkọ́ fi ń sàmì sórí ìbéèrè Yorùbá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ jáde tán, ìwé kan lẹ́yìn òmíràn, fún gbogbo ọmọ kíláàsì. Wọ́n fi ìka kan tẹ ìbéèrè àkọ́kọ́, díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ náà sókè bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́: "Kí ni orúkọ bàbá rẹ?" Wọ́n wo àmì orí "bàbá" títí. Wọ́n ní kí n tẹ ojú ìwé yẹn jáde, bó ṣe wà, kí àwọn mú un lọ han olùkọ́.